Ẹyẹ Irin Tó Dá Wálé

"Mo tún un sọ, ẹyẹ yẹn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wálé ni. Kò sẹ́ni tó mú un bọ̀."

Bàbá Àkàndé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní tésàn ọlọ́pàá Ọ̀fà, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín itan bí ẹni tí òtútù ń mú, ẹrẹ̀ oko ṣì gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Lórí tábìlì níwájú rẹ̀ ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré aláwọ̀ eérú kan sí: apá mẹ́rin, abẹ̀bẹ̀ kan lórí apá kọ̀ọ̀kan, ojú kan ṣoṣo níwájú. Dróònù ni. Òun ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń ya àwòrán ìlú láti òkè. Taofeek Sàláwù ló ni ín, wọ́n sì ti sin Taofeek.

Inspẹ́kítọ̀ Susannah Ọmọ́ládé fa àga sún mọ́ bàbá náà. Kì í jágbe mọ́ ẹni tó bá ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí àjèjì ṣe ń béèrè ọ̀nà ni Susannah ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọ̀daràn.

"Bàbá, ẹ̀rọ kì í mọlé. Ẹ sọ bó ṣe jẹ́ fún mi."

"Ọmọ mi, mo ń di ẹrù igi lọ́wọ́, oòrùn ti ń wọ̀. Mo gbọ́ tó ń kùn bí agbọ́n. Mo gbójú sókè, mo rí i tó dúró gangan lókè ẹ̀gẹ́ mi. Ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀, ó sọ̀, ó sọ̀, ó fi balẹ̀. Mo pariwo pé ta ló ni ín o! Kò sẹ́ni tó dáhùn. Òjò sì ti ṣú. Mo bá gbé e wọ ahéré kí omi má pa á. Àárọ̀ ọjọ́ kejì lẹ wá mú mi."

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ níṣojú àwọn ará oko pé ẹ ó sọ ọ́ lókò, ẹ ó sì na ẹni tó ni ín. Àbí ẹ̀yin kọ́?"

"Èmi ni. Ó ti fò kọjá lókè balùwẹ̀ tí ìyàwó mi ti ń wẹ̀ rí, inú bí mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun á pa ewúrẹ́ aládùúgbò òun, ṣé ẹ rí i kó mú ọ̀bẹ?" Bàbá náà gbé ojú sókè, omi ti yí i ká. "N kò mọ ọmọ yẹn rí. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Ẹ bá mi sọ fún un pé n kò fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀."

Susannah dìde, ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá tésàn kò fẹ́ gbọ́ àlàyé púpọ̀. "Susannah, kí lo tún ń wá? Ọkùnrin yìí halẹ̀. A bá ẹrù olóògbé nínú ahéré rẹ̀. Oko rẹ̀ kò jìnnà síbi tí a ti bá òkú. Lọ́jọ́ Ajé ni yóò lọ sí kóòtù n'Ílọrin."

"Ọ̀gá, fóònù ọmọ yẹn ńkọ́? Rìmóòtù tó fi ń darí ẹ̀rọ ńkọ́? A tú ahéré dé orí òrùlé, a kò rí ọ̀kankan."

"Ó ti sọ wọ́n nù."

"Ó sọ èyí tó kéré nù, ó wá gbé èyí tó tóbi sílé dè wá?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kó lọ sinmi. Ṣùgbọ́n Susannah kò lè sinmi, nítorí òun ló kọ́kọ́ dé ibi tí òkú náà wà. Lẹ́yìn rélùwéè, lójú ọ̀nà Ìjàgbó, táǹkì omi àtijọ́ kan wà tó dúró lórí ẹsẹ̀ irin gíga. Nígbà tí bàbá Susannah jẹ́ akọ̀wé rélùwéè, ó máa ń mú un débẹ̀ lọ wo àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kun irin ní ọ̀dà. Kò sẹ́ni tó ń kùn ún mọ́. Igbó ti gba abẹ́ rẹ̀. Létí igbó yẹn, ní ẹ̀bá títì, ni Taofeek dojúbolẹ̀ sí, àgbárí rẹ̀ fọ́ lẹ́yìn. Dókítà ní òun kò lè sọ bóyá igi ló bà á tàbí ilẹ̀.

Láti abẹ́ táǹkì dé ibi tí òkú wà, koríko tẹ̀ lọ tààrà bí ọ̀nà eku. Gbogbo ọlọ́pàá ní ẹnìkan ló wọ́ ọ. Susannah nìkan ló kúnlẹ̀, tó yí ọwọ́ òkú náà wò. Erùpẹ̀ kún inú èékánná rẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún rẹ̀ ló họ, gìgísẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹni tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ kì í fi èékánná walẹ̀. Taofeek fúnra rẹ̀ ló rákò, ojú títì ló sì ń rákò lọ.

Ó ń sá fún ẹnìkan ni, àbí ó ń tẹ̀lé ẹnìkan? Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí Susannah gbádùn.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ló lọ kí ìyá Taofeek. Alhaja Sherifat Sàláwù jókòó sórí ẹní ní pálọ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, àwọn obìnrin ilé yí i ká. Nígbà tó rí Susannah, ó ní kí wọ́n fún àwọn láyè.

"Inspẹ́kítọ̀, ẹ ṣé. Ṣé ọkùnrin yẹn ti jẹ́wọ́?"

"Rárá o, Alhaja. Kò sì dá mi lójú pé òun ni."

Kò ya Alhaja lẹ́nu. "Ọmọ yìí, ìdí fóònù ló máa ń wà. Á máa rẹ́rìn-ín, á ní 'Màámi, ẹ wá wo nǹkan tí Àṣá sọ, ẹ wá wo nǹkan tí Àdàbà sọ.' Mo ní ṣé ẹyẹ lò ń bá ṣọ̀rẹ́ ni? Ó ní ẹyẹ ni. Àwọn tó ń fò bíi tòun. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, gbogbo ayé ló wá kí mi. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ yẹn tó wá."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ẹnìkan ní "Sàlámù àlékúmù" lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan tó wọ hìjáábù aláwọ̀ omi aró wọlé, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní ọkọ̀ Ìlémọnà lòun wọ̀ wá, ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lòun ti ń ṣiṣẹ́. Nàfísàt lorúkọ òun.

"Ẹ má bínú, Alhaja. A kò mọ orúkọ rẹ̀ ni. Lékeléke là ń pè é. Àná ni mo rí fọ́tò rẹ̀ nínú ìròyìn, tí mo mọ̀ pé òun ni." Ẹkún gba ohùn rẹ̀. "Èmi ni Ẹyẹlé."

Alhaja fa orí ọmọ náà mọ́ra. Susannah yọjú sí fèrèsé títí wọ́n fi sunkún tán.

Lẹ́yìn náà ni Nàfísàt jókòó ti Susannah ní fàràńdà, ó ṣí gúrúùpù wọn lórí Wọ́sáàpù. Ojú Sánmà lorúkọ rẹ̀. Ó ní òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí àwọn kan wà tí ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ kò fẹ́ irú eré bẹ́ẹ̀. Orúkọ ẹyẹ ni kálukú ń jẹ́. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fò, á ya ojú ọ̀run sínú gúrúùpù, á kọ ọ́ pé "Mo gbéra." Àwọn yòókù á dáhùn pé "Afẹ́fẹ́ á gbè ọ́." Bó bá padà délẹ̀, á ní "Mo bà," wọn á ní "Ẹsẹ̀ ire."

"Bí ẹnìkan bá gbéra, tí kò wá bà ńkọ́?"

"A ó máa béèrè ni, mà. Ẹ̀rọ lè já sómi, ó lè kọ́ igi. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá sọ nù, àwa la máa ń bá a wo àwòrán ibi tó ti fò, ká lè mọ ibi tó já sí."

Susannah gba fóònù náà, ó ń kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Lójijì, ó dúró. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ láti ọwọ́ Àṣá, ó kọ ọ́ sí Taofeek ní ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ kó tó kú: "Lékeléke, bí n bá tún rí ọ lójú ọ̀run mi, n ó já ọ lulẹ̀. O ò ní dìde mọ́."

"Ta ni Àṣá?"

Nàfísàt ní òun kò mọ̀ ọ́n, àfi pé ó máa ń fi àwòrán ìyàwó tuntun hàn, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà lọ́nà Polí.

Ṣọ́ọ̀bù tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó kò pọ̀ lọ́nà Polí. Ìkejì tí Susannah wọ̀ ló bá a. Olúwadámiláre lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin sísanra tó ń fi aṣọ nu awò kámẹ́rà. Susannah fi ọ̀rọ̀ náà hàn án láìsọ nǹkan kan. Ọkùnrin náà kà á, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa wá. Mo fẹ́ pa á rẹ́, ọkàn mi kò gbà. Òun ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo bá a sọ tó fèsì sí."

"O halẹ̀ mọ́ ọn, ó sì kú."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kì í ṣe ìhàlẹ̀. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. A máa ń ya ibì kan náà, gúrúùpù á wá sọ ti ẹni tó dára jù. Ẹni tó bá borí, a ní ó já ẹnìkejì lulẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo èsì tí òun fún mi."

Susannah wò ó. Taofeek dáhùn pé: "Àṣá tó ti darúgbó, eyín ò sí lẹ́nu ẹ mọ́. Ta lo fẹ́ já?" Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rín lóríṣiríṣi.

"Ibo lo wà lọ́jọ́ tó kú?"

"N'Ílọrin, mà. Mo ń ya ìkómọ. Gbogbo ẹbí ọmọ yẹn ló rí mi títí ilẹ̀ fi ṣú." Ó gbé awò kámẹ́rà sílẹ̀. "Nínú gbogbo fọ́tò tí wọ́n fi ń já mi lulẹ̀, tirẹ̀ ló máa ń borí jù. Mi ò sọ fún un rí pé ó mọ̀ ọ́n yà jù mí lọ."

Susannah kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ kan: ọ̀rọ̀ tó dà bí ọ̀bẹ létí àjèjì, eré ni láàárín àwọn wọ̀nyí. Nítorí náà, bí nǹkan burúkú bá wà nínú gúrúùpù yẹn, kò ní wà nínú ariwo. Ó ní láti wá a síbòmíràn.

Ó mú Nàfísàt lọ sí tésàn. Ó gbé dróònù náà síwájú rẹ̀. "Bá mi wò ó bí ẹní wo ọmọ tó ń ṣàìsàn. Bàbá kan ní ó dá balẹ̀ sóko òun láìsí ẹni tó darí rẹ̀. Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́ o, mà! Bó ṣe rí nìyẹn. Ibi tí ẹ̀rọ bá ti gbéra, ó máa ń fi sọ́kàn. Bí rìmóòtù bá kú, tàbí tó jìnnà sí i jù, tàbí tí bátìrì fẹ́ẹ́ tán, á yí padà fúnra rẹ̀, á lọ bà síbi tó ti kúrò."

Ó yé Susannah wàyí. Bàbá Àkàndé kò purọ́. Inú oko rẹ̀ ni dróònù ti gbéra, ibẹ̀ náà ló sì padà sí.

Nàfísàt yí ẹ̀rọ náà nídìí, ó fi èékánná ṣí ihò kékeré kan tí kò sí ọlọ́pàá tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ó sì yọ mẹ́mọ̀rì káàdì tí kò ju ìdajì èékánná lọ. Wọ́n fi í sínú kọ̀ǹpútà. Fídíò méjì ló wà níbẹ̀ fún ọjọ́ náà.

Nínú àkọ́kọ́, ilẹ̀ ń jìnnà díẹ̀díẹ̀. Ewé ẹ̀gẹ́ ń mì lábẹ́ atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀. Àwọn méjì dúró láàárín poro, wọ́n gbójú sókè, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ kò jẹ́ kí ojú wọn hàn. Ẹni tó di rìmóòtù mú na apá méjèèjì bí ìyẹ́ tó tẹ́. Ẹnìkejì fi apá rẹ̀ kọ́ra sáyà.

Nàfísàt mí kanlẹ̀. "Ẹni tó na apá yẹn, Lékeléke ni. Bí a ṣe ń kíra wa nìyẹn nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gòkè. Ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀."

"Ta ló ń fi apá kọ́ àyà?"

Nàfísàt ń ká etí hìjáábù rẹ̀ mọ́ ìka. Susannah fi í sílẹ̀, ó tẹ fídíò kejì.

Taofeek ló wà nínú rẹ̀, ó ń gun àtẹ̀gùn irin táǹkì. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó dé òkè, ó dúró létí rẹ̀, ó tún na apá. Oòrùn pọ́n lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Dróònù yí i ká, ó sún mọ́ ọn, ó tún sún mọ́ ọn. Taofeek ju ọwọ́ pé ó tó, kó padà sẹ́yìn. Kàkà kí ẹ̀rọ padà, ńṣe ló já síwájú lójijì. Taofeek yẹra fún un. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Àwòrán náà kò yẹ̀ kúrò. Ẹ̀rọ náà dúró lójú kan, ó ń wo òkè táǹkì tí kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ló yí fúnra rẹ̀, ó kọrí sí oko ẹ̀gẹ́.

Nàfísàt ti fi hìjáábù bojú. Susannah pa kọ̀ǹpútà dé, ó béèrè pé, "Nígbà tí ẹ bá ń fò, ibo ni fóònù yín máa ń wà?"

"Lórí rìmóòtù, mà. Inú fóònù la ti ń wo ohun tí ẹ̀rọ ń rí."

"Nígbà náà, Taofeek gbé rìmóòtù àti fóònù rẹ̀ lé ẹnìkejì lọ́wọ́ kó tó gun òkè. Ẹni yẹn ló ń darí ẹ̀rọ nígbà tó ṣubú. Ó sì gbé méjèèjì sá lọ. Ìdí nìyẹn tí ọmọ yẹn kò fi lè pe ẹnikẹ́ni." Ó kọjú sí i. "Nàfísàt, ta ni?"

"Ẹni jẹ́jẹ́ ni, mà. Òun ló jẹ́jẹ́ jù nínú wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi apá kọ́ àyà. Ó lè jẹ́ òtútù."

"Ṣí ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn fún mi."

Taofeek ti kọ "Mo gbéra." Wọ́n ti ní afẹ́fẹ́ á gbè é. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Àṣá béèrè láti Ìlọrin. Àwọn mìíràn béèrè láti ìlú tó jìnnà. Nàfísàt fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé "Lékeléke, ṣé o ti bà?" Susannah wá padà sí àwọn oṣù tó kọjá. Ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá pẹ́ lókè, ẹnìkan náà ló máa ń kọ́kọ́ béèrè, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣíwájú rẹ̀. Àdàbà ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Taofeek kú nìkan ni Àdàbà kò béèrè.

"Bóyá kò rí i," ni Nàfísàt wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó tẹ ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ, kó lè rí àwọn tó ti kà á. Orúkọ Àdàbà wà níbẹ̀. Ó kà á ní kété tí wọ́n fi í ránṣẹ́.

Susannah ní, "Ẹni tó mọ̀ pé ẹnìkan kò ní bà mọ́ kì í béèrè."

Ó kù ká mọ ilé rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù á fi nọ́ńbà náà falẹ̀ títí kóòtù á fi kọjá. Susannah bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn àwòrán tí Àdàbà ti fi síbẹ̀. Èyí tó rẹwà kọ́ ló ń wá, àwọn tí kò lẹ́wà ni, èyí tó yà nígbà tó ń dán abẹ̀bẹ̀ tuntun wò. Ẹni tó bá ń dán nǹkan wò, ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ ló ti ń ṣe é. Ẹ̀yìnkùlé kan náà ló wà nínú gbogbo wọn: igi gúáfà kan, ògiri tó ti fọ́ láàárín, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tó ní páànù tuntun lápá kan àti páànù ìpẹtà lápá kejì.

Susannah mọ ibẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, òun náà ti jí gúáfà ká lórí igi yẹn. Ilé olùkọ́ tó kọ́ ọ ní ìwé kíkà ni.

Ìyá Adétóyè, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Tíṣà, ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti fẹ̀yìntì, ìríran rẹ̀ sì ti dínkù.

"Susannah! Ọmọ mi, wọlé. Ayọ̀, wá gbé omi fún ẹ̀gbọ́n rẹ." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ibà ń bá a jà. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò fẹ́ jáde."

Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan gbé omi wá. Ayọ̀kúnnúmi ni. Nígbà tó rí ẹni tó jókòó, ó di ife náà mú, kò gbé e kalẹ̀. Susannah gbà á, ó gbé e kalẹ̀.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá Ayọ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìnkùlé."

Abẹ́ igi gúáfà ni wọ́n dúró sí. Susannah kò fi nǹkan kan hàn án.

"Àdàbà," ni ó pè é.

Ọmọ náà di igi mú. "N kò pa á, mà. Ọlọ́run ń rí mi. Òun ló ní kí n ya òun lórí táǹkì. Mo fẹ́ kó dára ni. Mo fẹ́ sún mọ́ ọn kí ojú rẹ̀ lè hàn. Mo tẹ̀ ẹ́ jù."

"Mo mọ̀. Mo ti wò ó."

"Mo sáré débẹ̀. Ó ń mí, ó la ojú sílẹ̀. Mo ní kó má mira, mo ń lọ wá ẹni tó máa ràn wá lọ́wọ́. Mo sáré dé títì, ọlọ́kadà kan dúró." Ó fọwọ́ bo ẹnu, ọ̀rọ̀ ń já gba àárín ìka rẹ̀ jáde. "Ó ní 'Ibo lò ń lọ?' Mo fẹ́ sọ fún un. Mo fẹ́ sọ pé ọ̀rẹ́ mi ṣubú. Ẹnu mi ló ní 'Ọ̀fà.' Mo gùn ún. Mo rò pé màá padà. Mo ń rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́."

"Fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ."

"Abẹ́ ibùsùn mi ló wà. N kò lè tàn án."

"O gbọ́ pé wọ́n ti mú bàbá àgbẹ̀ kan."

Ọmọ náà fẹ̀yìn ti igi. Orí rẹ̀ tẹ̀ dé àyà.

Susannah rò ó bóyá kí òun sọ ọ̀kan tó kù, tàbí kí òun fi í pamọ́. Ó rántí Bàbá Àkàndé lórí bẹ́ǹṣì, tó ń ránṣẹ́ sí ìyá ẹni ẹlẹ́ni.

"Ayọ̀kúnnúmi, a kò bá Taofeek níbi tó ṣubú sí. Ó ti rákò dé ẹ̀bá títì. Ibi tó rí ọ tó o gbà lọ ló gbà."

Igbe tí ọmọ náà ké mú kí Tíṣà fọwọ́ tá ògiri jáde láti inú ilé, tó ń pè é lórúkọ, tí kò rí ibi tó wà.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n tú Bàbá Àkàndé sílẹ̀. Ọ̀gá tésàn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì gbójú lọ síbòmíràn. Ayọ̀kúnnúmi ti wà ní àtìmọ́lé. Kóòtù ni yóò sọ ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́.

Susannah fúnra rẹ̀ ló lọ ròyìn fún Alhaja. Alhaja gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tẹ̀sùbáà dúró láàárín ìka rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í.

"Ṣé ó pẹ́ kó tó kú?"

Susannah mọ̀ pé ní kóòtù, gbogbo rẹ̀ yóò hàn sí gbangba. Síbẹ̀, ó ní, "Kò pẹ́, Alhaja."

Alhaja wò ó lójú, kò sì bi í mọ́.

Nígbà náà ni kẹ̀kẹ́ kan dúró níta. Tíṣà sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, ìborùn dúdú lórí, ó ń fọwọ́ wá ògiri bọ̀. Àwọn obìnrin ilé dìde, ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ní kó padà síbi tó ti ń bọ̀. Alhaja gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn dákẹ́.

Tíṣà kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, kò dé orí ẹní. Obìnrin tó kọ́ ìdajì ìlú ní ìwé, kò rí gbólóhùn kan sọ.

Alhaja ló kọ́kọ́ lanu. "Ọmọ rẹ, ṣé ó ti jẹun?"

"Kò jẹun. Mo gbé oúnjẹ dé tésàn láàárọ̀, ó kọ̀ ọ́."

"Máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Bó kọ̀ ọ́ lónìí, gbé e lọ lọ́la." Alhaja ṣí ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹní, ó fàyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. "Ìwọ ṣì rí ẹni gbé e lọ fún."